Ṣọ̀ún Ògúnlọlá

Ṣọ̀ún Ògúnlọlá jẹ́ ọdẹ àti ògbóǹtarìgì tafàtafà tí ó tẹ ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lónìí. Òun ni Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí Aláàfin Àjàgbó wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́-Ilé.

Ìtẹ̀dó àti ẹgbẹ́ ọdẹ

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti ilẹ̀ Ìbàrìbá ni ó ti wá, ó sì pa àgọ́ sábẹ́ igi àjàgbọn kan. Ó rò pé òun nìkan ni ó wà nínú igbó náà, títí ó fi rí èéfín lókèèrè. Ó tọ èéfín náà lọ, ó sì bá àwọn ọdẹ mìíràn pàdé: Aalẹ̀, Ohunsilé, Òrìṣàtólú àti Àkàndé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Alongo sílẹ̀ láti máa jùmọ̀ ṣọdẹ, láti máa ran ara wọn lọ́wọ́, àti láti dáàbò bo àdúgbò wọn lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àgọ́ Ògúnlọlá ni wọ́n ti ń pàdé.

Ẹjọ́ rẹ̀ àti ikú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́

Ògúnlọlá pa ọkùnrin kan nígbà tí aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé láti jẹ́jọ́ níwájú Aláàfin, wọ́n sì fi í sí àhámọ́. Ní àkókò náà, jagunjagun kan tí à ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ àwọn ará Ògbòòrò lẹ́nu, apá Ọ̀yọ́ kò sì ká a. Ògúnlọlá tọrọ àyè láti kojú rẹ̀. Ó fi ọfà pa á, ó gé orí rẹ̀, ó sì gbé e wá fún Aláàfin. Báyìí ni ẹni tí ń retí ìdájọ́ ṣe gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Aláàfin fẹ́ kí ó máa gbé Ọ̀yọ́-Ilé, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sí ọ̀hún. Ìtàn sọ pé láti inú ẹ̀bẹ̀ yìí ni oyè Ṣọ̀ún ti jáde. Orúkọ ìlú náà wá láti inú Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, èyí tí ó di Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìran rẹ̀

Jogíoro ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Tóyèjẹ́, olórí Ògbómọ̀ṣọ́, di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun gbogbo Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́-Ilé ti tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó. Ṣùgbọ́n ìran Ògúnlọlá ṣì ń jẹ Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́.