Reginald Farrer àti Òdòdó Orí Àpáta

Ọdún 1880 ni wọ́n bí Reginald Farrer ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ètè àti àjà-ẹnu tí ó là. Iṣẹ́ abẹ lóríṣiríṣi kò mú kí ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu rẹ̀, ilé ni ó sì ti kàwé ní èwe rẹ̀, ní abúlé Clapham ní Yorkshire. Nítorí pé kò ní ẹgbẹ́ tí yóò bá ṣeré, òkè àpáta ni ó fi ṣe ọ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti mọ àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ tí ń hù láàrin òkúta.

Ní 1907, ó tẹ ìwé My Rock Garden jáde. Ó kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n to òkúta bí ó ti wà lórí òkè gan-an, kí omi má sì dúró nídìí irúgbìn.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní 1914, òun àti William Purdom lọ sí Kansu ní Ṣáínà. Gentiana farreri, òdòdó aláwọ̀ ojú-ọ̀run, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní 1919, òun àti Euan Cox wọ orí òkè Bọ́mà. Cox padà sílé, ṣùgbọ́n Farrer dúró. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní oṣù October 1920, ní ẹni 40 ọdún.

Ní 1929 ni a dá ẹgbẹ́ Alpine Garden Society sílẹ̀. Níbi ìpàtẹ wọn nígbà ìrúwé, irúgbìn inú ìkòkò tí ó bá ta gbogbo yòókù yọ ni ó ń gba àmì-ẹ̀yẹ Farrer. Báyìí ni orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún ṣe di èyí tí gbogbo olùpàtẹ ń retí láti gbọ́.