Dorothy Kenyon

Dorothy Kenyon (ọjọ́ 17 Oṣù Kejì ọdún 1888 – Oṣù Kejì ọdún 1972) jẹ́ agbẹjọ́rò, adájọ́ àti ajìjàgbara fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ìlú New York, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn amòfin tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ gbangba ní ilẹ̀ náà pé ọ̀rọ̀ oyún inú obìnrin kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ìjọba máa fi ẹ̀wọ̀n dáhùn, ó sì sọ ọ́ ní ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá kò fẹ́ gbọ́. Ìgbà tí ó fi jókòó lórí àga ìdájọ́ kò gùn rárá, síbẹ̀ orúkọ oyè náà lẹ̀ mọ́ ọn. Gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti máa ń pe ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ní Tíṣà, Adájọ́ Kenyon ni àwọn ènìyàn ń pè é títí ó fi kú.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú New York ni wọ́n ti bí i, sínú ìdílé tí ó rí jájẹ. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, William Houston Kenyon. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n hùmọ̀ ohun tuntun. Àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèjì náà di agbẹjọ́rò. Dorothy lọ sí Smith College, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà fún àwọn obìnrin, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1908.

Kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òfin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún ọdún mélòó kan ó ń gbé ìgbé ayé ọmọ olówó: àpèjẹ, eré ìdárayá àti ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ka àwọn ọdún wọ̀nyí sí àkókò tí ó fi ṣòfò. Ohun tí ó yí ọkàn rẹ̀ padà ni ìrìn àjò tí ó rìn lọ sí Mẹ́síkò, níbi tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí òṣì àti ìnilára tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti Yunifásítì New York, ó sì gba oyè rẹ̀ ní ọdún 1917. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn obìnrin Ìpínlẹ̀ New York gba ẹ̀tọ́ láti dìbò. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí òfin tí ó ń kọ́ tó gbà pé ó ní ohùn nínú ìlú tí wọ́n bí i sí.

Iṣẹ́ agbẹjọ́rò

Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú àwọn amòfin tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní ìmúrasílẹ̀ fún ìpàdé àlàáfíà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, lẹ́yìn náà ó ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1930, òun àti obìnrin amòfin mìíràn, Dorothy Straus, dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì jọ wà níbẹ̀ títí di ọdún 1939. Ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí ó jẹ́ ti obìnrin méjì kò wọ́pọ̀ rárá ní àsìkò yẹn. Ó tún fi òfin ran àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́wọ́, ó sì wà lára àwọn olùdarí ẹgbẹ́ American Civil Liberties Union, tí a mọ̀ sí ACLU, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Láti lóye ohun tí ó ń jà fún ní àkókò yìí, ó yẹ kí a mọ bí òfin Amẹ́ríkà ṣe rí. Òfin Comstock ti ọdún 1873 ka ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti ìwé tí ó ṣàlàyé rẹ̀ mọ́ ohun ìṣekúṣe. Ẹni tí ó bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1916, Margaret Sanger ṣí ilé ìwòsàn ìfètò-sọ́mọ-bíbí àkọ́kọ́ ní Brooklyn, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá sì tì í pa. Kenyon wà lára àwọn tí wọ́n gbà pé òfin yìí kò bọ́ sí i: obìnrin tí kò bá lè pinnu iye ọmọ tí yóò bí, kò sí ẹ̀tọ́ mìíràn tí yóò lè lò dáadáa, ìbáà jẹ́ ẹ̀tọ́ ìdìbò tàbí ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́.

Ó tún kọjú sí kóòtù tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ àwọn aṣẹ́wó ní New York. Ohun tí ó bí i nínú níbẹ̀ rọrùn láti rí: obìnrin nìkan ni wọ́n ń mú. Ọkùnrin tí ó sanwó á wọ ṣòkòtò rẹ̀, á sì máa lọ sílé. Nígbà mìíràn òun náà ni yóò wá ṣe ẹlẹ́rìí. Kenyon darí ìgbìmọ̀ kan tí ó yẹ ètò kóòtù náà wò, ó sì sọ pé ìwà àìtọ́ tí ènìyàn méjì jọ hù kò gbọdọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Lórí àga ìdájọ́

Fiorello LaGuardia, tí ó jẹ́ olórí ìlú New York nígbà náà, ti kọ́kọ́ fi Kenyon ṣe igbákejì ọ̀gá ní ẹ̀ka tí ó ń fún àwọn oníṣòwò ní ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1939 ó yàn án sí ipò adájọ́ ní Kóòtù Ìlú, láti di àlàfo kan tí ó ṣí sílẹ̀. Kóòtù yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ìwé òfin ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ onílé àti ayálégbé máa ń wá, pẹ̀lú ẹjọ́ gbèsè kéékèèké. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró lórí àga náà ní láti gbé àpótí ìbò. Kenyon gbé e, kò sì wọlé. Nígbà tí yóò fi di òpin ọdún 1940, ó ti padà sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Ní àárín àkókò kan náà, Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tí ó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti pè é láti wà lára ìgbìmọ̀ àwọn amòfin tí yóò ṣe ìwádìí nípa ipò obìnrin nínú òfin àwọn orílẹ̀-èdè. Ogun Àgbáyé Kejì dá iṣẹ́ náà dúró. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi í ṣe aṣojú Amẹ́ríkà nínú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ipò àwọn obìnrin, ó sì wà níbẹ̀ títí di òpin ọdún 1949. Níbẹ̀, òun àti aṣojú Sófíẹ̀tì kò gbà fún ara wọn rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ̀sùn McCarthy

Ní Oṣù Kejì ọdún 1950, Sẹ́nétọ̀ Joseph McCarthy kéde pé àwọn Kọ́múnísìtì ti kún inú ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Sẹ́nétọ̀ Millard Tydings jẹ́ alága rẹ̀ ní kí ó dárúkọ, orúkọ àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ẹnu rẹ̀ ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹta ni ti Dorothy Kenyon. Ó sọ pé obìnrin náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tí àwọn Kọ́múnísìtì ń darí lábẹ́lẹ̀. Kenyon kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba náà mọ́ ní àkókò yẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí McCarthy fẹ̀sùn kàn lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́ tàbí tí ó sá pamọ́. Kenyon kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òpùrọ́ ni ọkùnrin náà, àti pé ojo ni, nítorí pé abẹ́ ààbò ilé aṣòfin ni ó ti ń sọ̀rọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pè é lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta ó wá síwájú ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òun kì í ṣe Kọ́múnísìtì, òun kò sì jẹ́ ẹ rí. Pé àwọn ẹgbẹ́ kan wà lóòótọ́ tí òun ti fi orúkọ òun ràn lọ́wọ́ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ènìyàn pàtàkì mìíràn náà wà níbẹ̀. Pé àwọn mìíràn sì lo orúkọ òun láìgba àṣẹ. Ó rán wọn létí aáwọ̀ òun àti aṣojú Sófíẹ̀tì. Sẹ́nétọ̀ Bourke Hickenlooper, tí òun àti McCarthy jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, gbà pé òun kò rí ẹ̀rí kankan pé obìnrin náà dalẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ náà dá a láre. Ṣùgbọ́n ìdáláre lórí ìwé yàtọ̀ sí ìdáláre lójú ayé: láti ọjọ́ náà, ìjọba kankan kò tún yàn án sí ipò mọ́. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni nígbà náà. Ní tèmi, apá tí ó lágbára jùlọ nínú ìgbésí ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjọba ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn obìnrin àti ìgbìmọ̀ ìdájọ́

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣà jọ ni ó máa ń pinnu bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin yọ àwọn obìnrin kúrò nínú ìgbìmọ̀ yìí tàbí kí ó mú kí ó ṣòro fún wọn láti wọ̀ ọ́. Kenyon wà lára àwọn tí wọ́n jà títí New York fi ṣí i sílẹ̀ fún obìnrin ní ọdún 1937.

Ní Florida, Gwendolyn Hoyt pa ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ni ó jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kò sí obìnrin kankan láàárín wọn. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, Kenyon bá ACLU kọ ìwé tí wọ́n fi ti Hoyt lẹ́yìn. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1961, gbogbo adájọ́ ilé-ẹjọ́ náà fi ẹnu kò pé Florida kò ṣe ohun tí kò tọ́. Ìjákulẹ̀ ńlá ni. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun àti Pauli Murray, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ amòfin tí ó mọ̀wé gan-an, jọ fi ẹjọ́ ẹ̀yà ìran àti ẹjọ́ obìnrin pa pọ̀ nínú ẹjọ́ White v. Crook, ní Lowndes County ní Alabama. Ní ọdún 1966, kóòtù ìjọba àpapọ̀ pinnu pé yíyọ àwọn aláwọ̀ dúdú àti yíyọ àwọn obìnrin kúrò nínú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀. Ìpinnu Hoyt fúnra rẹ̀ wà nílẹ̀ títí di ọdún 1975, nígbà tí Kenyon ti kú.

Òfin oyún ṣíṣẹ́

Òfin New York nígbà náà gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè kìkì nígbà tí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu. Bí ó ti rí káàkiri ayé, ẹni tí ó lówó mọ dókítà tí yóò gbé e gba ẹ̀yìn ilé. Ẹni tí kò lówó lọ bá ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, Kenyon gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú àwọn olùdarí ACLU. Wọn kò gbà á. Ẹgbẹ́ tí ń jà fún òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ àti òmìnira ẹ̀sìn kò rí i bí ọ̀rọ̀ òmìnira; ọ̀rọ̀ dókítà ni lójú wọn, tàbí ọ̀rọ̀ ilé. Kenyon ń padà wá pẹ̀lú rẹ̀ ṣáá, ọdún dé, ọdún lọ.

Nígbà tí àwọn amòfin àti dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dábàá àtúnṣe, ohun tí wọ́n mú wá ni pé kí òfin fi àyè sílẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n fi ipá bá lò, tàbí ẹni tí ìlera rẹ̀ wà nínú ewu, bí ìgbìmọ̀ dókítà bá fọwọ́ sí i. Kenyon kò fara mọ́ èyí. Ó ṣàlàyé pé àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kàn gbé ìpinnu láti ọwọ́ adájọ́ lọ sí ọwọ́ dókítà ni, obìnrin náà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tọrọ. Lójú rẹ̀, bí òfin bá fi ipá mú obìnrin bí ọmọ tí kò fẹ́, ìjọba ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1967 ẹgbẹ́ náà gbà fún un ní ìdajì. Ní ọdún 1968 ó gbà ní kíkún, ó sì ní kí wọ́n pa gbogbo òfin tí ó sọ oyún ṣíṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.

Ní Oṣù Kẹrin ọdún 1970, Gómìnà Nelson Rockefeller fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè ní New York títí di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ ọdún náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin wọ́ gba òpópónà Fifth Avenue láti sàmì àádọ́ta ọdún tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ ìdìbò. Wọ́n ti pèsè ọkọ̀ sílẹ̀ fún Kenyon, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ó kọ̀ ọ́, ó sì bá Betty Friedan fi ẹsẹ̀ rìn níwájú.

Ìgbẹ̀yìn ayé

Kò ṣe ìgbéyàwó. Ní òpin àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ó bá wọn dá ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ òfin fún àwọn tálákà sílẹ̀ ní apá ìsàlẹ̀ Manhattan.

Ní ọdún 1971, ọ̀dọ́ olùkọ́ òfin kan tí ń jẹ́ Ruth Bader Ginsburg kọ ìwé fún Sally Reed, ìyá tí òfin Idaho kò jẹ́ kí ó bójú tó ogún ọmọ rẹ̀ tí ó kú, nítorí pé òfin náà fi ọkùnrin ṣáájú. Ginsburg fi orúkọ Dorothy Kenyon àti Pauli Murray sí ara ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n jọ kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò fi ọwọ́ kàn án. Ó ní inú èrò wọn ni òun ti fà á yọ. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Reed láre. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilé-ẹjọ́ náà yóò fi Àtúnṣe Kẹrìnlá pa òfin kan rẹ́ nítorí pé ó ya obìnrin sọ́tọ̀ sí ọkùnrin.

Kenyon kú ní ìlú New York ní Oṣù Kejì ọdún 1972, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 Oṣù Kìíní ọdún 1973, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ Roe v. Wade, tí ó fi ìdí ẹ̀tọ́ oyún ṣíṣẹ́ múlẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà; ilé-ẹjọ́ kan náà fagi lé ìdájọ́ yìí ní Oṣù Kẹfà ọdún 2022. Àwọn ìwé Kenyon, lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀, wà ní Smith College, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde.