René Laennec, dókítà tí ó gbọ́ ìró ọkàn

Ní ọdún 1781 ni a bí René Laennec ní ìlú Quimper, ní ilẹ̀ Faransé. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Arákùnrin bàbá rẹ̀, tí í ṣe dókítà ní Nantes, ni ó tọ́ ọ dàgbà.

Láyé ìgbà náà, bí dókítà bá fẹ́ gbọ́ ìró ọkàn, etí ni yóò gbé lé àyà aláìsàn. Ní ọdún 1816, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ọkàn ń yọ lẹ́nu wà lọ́wọ́ Laennec ní Paris. Kò bójú mu kí ó gbé etí lé àyà rẹ̀. Ó ká ìwé rógódó, ó fi orí kan lé àyà, ó fi ìkejì sí etí. Ìró ọkàn náà dún ketekete. Lẹ́yìn náà, ó fi igi ṣe é. Ohun èlò tí àwọn dókítà ń fi kọ́rùn lónìí ti ibẹ̀ wá.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ó ti gbọ́ ní àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni ó pa á ní ọdún 1826.

Lónìí, ẹ̀rọ kan ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ ya àwòrán ọkàn. Òṣìṣẹ́ tí ó ń lo ẹ̀rọ náà ń fi sùúrù wá ibi tí àrùn fara pamọ́ sí, kí dókítà lè mọ ìtọ́jú tí ó yẹ. Iṣẹ́ Laennec ni ó ń bá lọ.