Àgbà ni Awólọ́wọ̀ nígbà tó gboyè àkọ́kọ́, ta ló wá ń kọ́ àgbà lónìí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ojú Awólọ́wọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà nìkan, ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ fún yín nípa rẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1909. Ọdún 1920 ni bàbá rẹ̀ kú, ìyà sì bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ṣòwò, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, síbẹ̀ ó ń jókòó ti ìwé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Láti ilé níbí ló ti kàwé gboyè B.Com. ti Yunifásítì London lọ́dún 1944. Ọdún yẹn náà ló lọ kọ́ ìmọ̀ òfin lọ́hùn-ún, ó sì di lọ́yà ní 1946.

Nígbà tó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Bó dáa, bí ò dáa, aráàlú mọ ẹni tí wọ́n máa bi. Ó kú ní May 1987.

Ìdí tí mo fi ń rántí rẹ̀ ni àǹtí mi kan. Aránṣọ ni, ó fẹ́ mọ̀wé kà. Mo tẹ̀ lé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní ká lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀. A débẹ̀, wọ́n ní Àbújá ló ni ètò náà. Ó sú u. Èmi ni mo ṣì ń bá a ka WhatsApp rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ òfin ò fi iṣẹ́ yìí pa mọ́ o. Ìwé òfin 1999 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ bá ìpínlẹ̀ kópa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà àti iṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní NMEC fún mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà, ó tún ní ITF àti NDE fún iṣẹ́ ọwọ́, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn ò sì jọra. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ bí ọwọ́ kan bá ń dúró de ìkejì, àyà ò ní dún.

Lójú tèmi, ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Kí ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tó máa gba orúkọ ẹni tó fẹ́ kàwé tàbí kọ́ṣẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ wá ìpínlẹ̀ àti Àbújá lọ. Tí kánsẹ́lọ̀ bá wá tọrọ ìbò ládùúgbò yín, ẹ bi í pé níbo ni kíláàsì àgbà wà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè dá ìwé kọ́ ara rẹ̀ bíi ti Awólọ́wọ̀.