Baikie, Ẹni tí ó Dá Ibùdó Lọ́kọ́ja Sílẹ̀

Bí ènìyàn bá gun orí Òkè Pàtí ní ìlú Lọ́kọ́ja, yóò rí odò Ọya àti odò Bẹ́núé níbi tí wọ́n gbé pàdé. Láti ayébáyé ni àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Yorùbá Okùn, ti ń gbé lórí àwọn òkè agbègbè náà. Lọ́kọ́ja ni olú-ìlú Ìgbèríko Kàbà ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1991 ni ó sì ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ William Balfour Baikie ni ó dá ibùdó tí ó di ìlú ńlá yìí sílẹ̀.

Ní Kirkwall, ní erékùṣù Orkney ní ilẹ̀ Scotland, ni a gbé bí Baikie ní ọdún 1825. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní ọdún 1848.

Kí a tó lè mọ iyì iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wọ odò Ọya. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ígálà nítòsí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, wọ́n sì dá oko àwòkọ́ṣe síbẹ̀, kí iṣẹ́ àgbẹ̀ lè rọ́pò òwò ẹrú. Ète náà dára, ṣùgbọ́n ibà kọ lù wọ́n. Nínú àwọn Òyìnbó bí 145 tí wọ́n lọ, àwọn tí ó kú lé ní 40. Nígbà tí ó di ọdún 1842, wọ́n kó kúrò ní oko náà.

Ní ọdún 1854, a tún rán ọkọ̀ Pleiad. Ẹni tí ìbá ṣe olórí rẹ̀ kú kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀, Baikie sì gba ipò rẹ̀. Ó rí i dájú pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lo egbòogi kínínì kí ibà tó mú wọn, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti mú wọn tán. Wọ́n gba odò Bẹ́núé lọ jìnnà, wọ́n lò ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ lórí omi, gbogbo wọn sì padà láàyè. Alàgbà Samuel Ajayi Crowther wà nínú ọkọ̀ náà.

Ní ọdún 1857, Baikie tún padà wá nínú ọkọ̀ Dayspring, ṣùgbọ́n àpáta fọ́ ọkọ̀ náà nítòsí Jẹ́bà. Etí odò ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàgọ́ sí fún bí ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn tó dé bá wọn.

Bí ìyà yìí ti pọ̀ tó, kò mú un sá padà sílé. Láàárín ọdún 1859 sí 1860, ó gba ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ Òkè Pàtí, ó ṣán igbó, ó kọ́ ilé, ó la ọ̀nà, ó sì dá ọjà sílẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni ọjà yìí jẹ́. Ibùdó tí ó gbójú lé oúnjẹ inú ọkọ̀ nìkan, ebi ni yóò pa á bí ọkọ̀ bá pẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn àgbẹ̀ àyíká bá ti ń kó irè oko wá tà, oúnjẹ kì í wọ́n níbẹ̀. Baikie ni oníṣègùn wọn, òun ni olùkọ́, òun náà sì ni onídàájọ́. Ó tún kó ọ̀rọ̀ inú èdè bí àádọ́ta jọ.

Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ ènìyàn tí kò ní àbùkù. Ààbò Màsábà, ọba Tápà, ni Baikie gbẹ́kẹ̀ lé kí àwọn oníṣòwò lè rìn láìfòyà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà kan náà ni wọ́n ń kó àwọn ará Okùn lẹ́rú, tí wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nítorí wọn ni ọ̀pọ̀ ìletò fi wà lórí òkè, níbi tí omi ṣòro láti pọn, tí oko sì jìnnà sí ilé. Àlàáfíà tí ó wà ní ọjà Lọ́kọ́ja kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó di ọdún 1897 kí agbára Tápà tó wó ní Kàbà.

Ní ọdún 1864, Baikie gbéra láti padà sí ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n Freetown ni ikú pa á sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹni ọdún 39 ni. Ní ọdún 1869, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó aṣojú rẹ̀ kúrò ní Lọ́kọ́ja. Síbẹ̀ ìlú náà kò tú.

Ẹ jẹ́ kí á fi oko ọdún 1841 wé Lọ́kọ́ja. Ète rere ni àwọn méjèèjì ní. Èyí èkínní tú nítorí pé a kò kọ́kọ́ wá ààbò fún ara àwọn tí yóò gbé ibẹ̀. Èyí èkejì dúró nítorí pé ìlera, ilé, ọ̀nà àti oúnjẹ ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, àti pé àwọn ará àyíká ní èrè tiwọn níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tún ìlú ṣe, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.