Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku: Ẹ̀kọ́ Nípa Orí Tó Fara Pa

Ẹ̀yin olùtọ́jú àti òṣìṣẹ́ ìlera ní Accra, ẹ ti rí ẹni tí okada gbé ṣubú, tàbí ọ̀dọ́ Bukom tó gba ẹ̀ṣẹ́ lórí, tó dìde tó ní kò sí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tó fi ayé rẹ̀ ṣe ìtọ́jú ọpọlọ.

Ní ọdún 1927 ni wọ́n bí Látúndé Odeku ní Àwẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́. Ó kàwé ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, ó sì di dókítà ní 1954. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan lábẹ́ Edgar Kahn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1962 ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì tún jẹ́ akéwì. Àtọ̀gbẹ bá a jà. Ó kú ní London ní 1974, ní ẹni ọdún 47. Ilé ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Odeku bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò tíì sí ẹ̀rọ CT. Ní 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ aláìsàn wò. X-ray ń fi egungun agbárí hàn, ṣùgbọ́n kì í fi ọpọlọ fúnra rẹ̀ hàn. Nítorí náà, ojú dókítà, ọwọ́ rẹ̀, àti àlàyé àwọn tó wà nítòsí aláìsàn ṣe pàtàkì púpọ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi agbára òòfà ta ọpọlọ jí láti ìta, láìfi abẹ kan awọ orí. Bí wọ́n bá gbé e sórí ibi tó ń darí ọwọ́, iṣan ọwọ́ á ta pọ́ún, lẹ́yìn náà á dákẹ́ díẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Kánádà fi yẹ àwọn eléré ìdárayá wò, wọ́n sì rí i pé ìdákẹ́jẹ́ yìí gùn ju bó ṣe yẹ lọ lára àwọn tí orí wọn ti fara gbá, kódà lára àwọn kan tó ti lé ní 30 ọdún sẹ́yìn. Ìwádìí ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ yìí ṣe níbí. A kò tíì lè gbára lé e láti fi mọ àìsàn ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé agbárí lè má fọ́, kí ọpọlọ sì ti fara pa. Bí ẹni tó fi orí gbá bá ń bì léraléra, tí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ń le sí i, tí oorun rẹ̀ kò ṣeé jí, tí gìrì mú un, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí kò bá sí èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó padà sí ìdíje ẹ̀ṣẹ́ tàbí kí ó gun okada títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Ẹ máa bi ará ilé rẹ̀ léèrè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ṣé ó ń gbàgbé nǹkan, ṣé inú ń tètè bí i, ṣé oorun rẹ̀ ti yí padà? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ fún dókítà.