Apàlọ́ Ọmọ Ẹ̀gbá: Ìtàn Amos Tútùọlá

Ta ni nínú wa tí wọn kò pa àlọ́ arẹwà inú ọjà fún ní kékeré? Ọmọge kọ gbogbo ọkọ tí àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ fún un, ó wá tẹ̀lé àlejò kan jáde lọ́jà. Bí wọ́n ti ń lọ, arẹwà ń dá ẹsẹ̀ tí ó yá padà fún ẹlẹ́sẹ̀, ó ń dá apá padà fún alápá, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ọmọ Ẹ̀gbá kan ni ó gbé àlọ́ yìí dé òkè òkun.

Ọdún 1920 ni a bí Amos Tútùọlá ní Wasinmi, abúlé tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Àgbẹ̀ kòkó ni àwọn òbí rẹ̀, onígbàgbọ́ sì ni wọ́n. Ní kékeré ni wọ́n fi í sọ́dọ̀ ọkùnrin Íbò kan láti máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Dípò owó, ọ̀gá rẹ̀ fi í sí ilé-ìwé Salvation Army. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ìwé kíkà parí. Ó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ó sì fi í ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ-ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ mẹ́séńjà ni ó rí ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ó gbé Victoria Àlàkẹ́ níyàwó ní 1947.

Ní ọ́fíìsì yẹn, bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀, yóò máa kọ àlọ́. Ó kọ ìtàn ọ̀mu kan tí adẹ́mu rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ kú, tí ó sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Lọ́nà ni ó ti gba ọmọge àlọ́ wa lọ́wọ́ agbárí, tí ó sì fi í ṣe aya. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ òǹtẹ̀wé Kristẹni kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù; àwọn ni wọ́n fà á lé Faber and Faber lọ́wọ́. The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, akéwì Dylan Thomas sì yìn ín gidigidi.

Nílé ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé wa bínú. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tọ́, pé ó ń dójú ti aláwọ̀ dúdú. A kò dá wọn lẹ́bi tán: òmìnira ni a ń wá nígbà náà, ta ni yóò fẹ́ kí òyìnbó pe òun ní òpè? Ṣùgbọ́n lójú tiwa, Yorùbá ni ọkùnrin yìí ń sọ, ó kàn wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì fún un ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Kò dáwọ́ dúró. My Life in the Bush of Ghosts tẹ̀lé e ní 1954. Ní 1956, ó bọ́ sí ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ti ìjọba, NBC. Ẹ gbọ́ ipò tí wọ́n fi í sí: stọ́ọ̀kípà! Ẹni tí àwọn Faransé ti ń ka ìwé rẹ̀ ní èdè wọn láti 1953, ẹrù ni ó ń ṣọ́ ní rédíò.

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn ọ̀mu náà sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní Yorùbá, ó sì dà bí ẹni pé àlọ́ padà wálé. Ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ pè é wá bá wọn gbé gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, òun tí kò kàwé ju bí ọdún mẹ́fà lọ. Títí dé 1990 ni ìwé rẹ̀ ń jáde. Ìbàdàn ni ó kú sí ní oṣù kẹfà ọdún 1997. Díẹ̀ nínú ìwé tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà ní Yunifásítì Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń lọ kà wọ́n.